Ta Ni Yóò Kọ́ Ẹ̀rọ ní Àkọtọ́? Ṣíṣe Àyẹ̀wò Àkọtọ́ Yorùbá Nínú Kọ̀ǹpútà



1. Ìfáárà

Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi. Ó lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé ẹni tí ó ń kọ́ni ní ewì àti ìtàn àròsọ ni ó dúró níwájú yín láti sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n lítíréṣọ̀ àpilẹ̀kọ kò lè wà láìsí àkọtọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni ìwé Yorùbá tí a ń tẹ̀ jáde lóde òní tí kò kọ́kọ́ gba inú kọ̀ǹpútà kọjá. Inú rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀, inú rẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti ń kọ ìtàn rẹ̀, inú rẹ̀ náà sì ni olóòtú ti ń tún un ṣe.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọ Yorùbá nínú ẹ̀rọ yìí mọ ohun tí ojú máa ń rí. Bí ó bá kọ gbólóhùn kan tán, ẹ̀rọ a fa ilà pupa sábẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí ilà náà ń wí ni pé àṣìṣe ni ohun tí ó wà lókè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òǹkọ̀wé lè má ṣe àṣìṣe kankan. Àkójọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ náà ní lọ́wọ́, òun ni ó sì fi ń yẹ Yorùbá wò. Àwọn kan nínú wa a pa àyẹ̀wò náà tì pátápátá. Àwọn mìíràn a jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀, ojú wọn a sì mọ́ ọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í kà á sí mọ́, ìbáà jẹ́ pé àṣìṣe gidi ni ó wà lórí ọ̀kan nínú àwọn ilà náà. Ọmọdé tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀rọ̀ náà burú fún jù lọ, nítorí pé lójoojúmọ́ ni ẹ̀rọ ń fi hàn án pé gbogbo èdè baba rẹ̀ ni àṣìṣe.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a mú lọ sílé lónìí. Ẹ̀rọ kò mọ àkọtọ́ èdè kankan; àkójọ ọ̀rọ̀ tí a bá fi lé e lọ́wọ́ nìkan ni ó mọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ṣe àkójọ náà ni olùkọ́ àkọtọ́ fún gbogbo ẹni tí yóò lo ẹ̀rọ. Àwa tí a ń kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá ni iṣẹ́ náà tọ́ sí, kò sì ju agbára wa lọ. N ó sọ bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe àyẹ̀wò, n ó sọ ohun tí ó sọ àkọtọ́ tiwa di ìṣòro fún un, n ó sì ṣàlàyé bí a ṣe lè fi àṣẹ díẹ̀ kọ́ ọ.

2. Bí ẹ̀rọ ṣe ń yẹ àkọtọ́ wò

Ọdún 1971 ni Ralph Gorin ṣe ètò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ SPELL ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1975, Stephen Johnson ṣe òmíràn ní Bell Labs, Douglas McIlroy sì tún un ṣe lẹ́yìn náà. Ti Johnson ni mo fẹ́ kí a wò, nítorí pé ó tètè ń yé ni. Ó ń já ìwé sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kan lórí ìlà kan. Ó ń to àwọn ọ̀rọ̀ náà bí álífábẹ́ẹ̀tì ṣe tẹ̀ léra, ó sì ń yọ àtúnwí kúrò. Lẹ́yìn èyí, ó ń fi wọ́n wé àkójọ ọ̀rọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò bá sí nínú àkójọ náà ni ó ń kọ síta pé kí òǹkọ̀wé tún un wò. Ìjáfáfá McIlroy ni pé ó wá ọgbọ́n tí ó fi kó nǹkan bí 30,000 ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà tí àyè ìrántí rẹ̀ kò ju 64 kilobyte lọ.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ibì kankan nínú iṣẹ́ yìí tí ẹ̀rọ ti ń ronú nípa ìtumọ̀. Ó dà bí adènà ibi ìnáwó tí a fún ní ìwé orúkọ àwọn tí a pè. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ yóò wọlé, ìbáà jẹ́ olè. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ yóò dúró síta, ìbáà jẹ́ ìyá ìyàwó. Ẹ̀bi adènà kọ́. Ẹni tí ó kọ ìwé orúkọ ni kí a bi.

Iṣẹ́ kejì tí irú ètò báyìí ń ṣe ni kí ó dá àbá ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. Ní ọdún 1964, Fred Damerau fi ìwádìí hàn pé ó lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àṣìṣe àkọtọ́ tí ó yẹ̀ wò tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú oríṣi mẹ́rin: kí lẹ́tà kan lé, kí lẹ́tà kan dín, kí a fi lẹ́tà kan rọ́pò òmíràn, tàbí kí lẹ́tà méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pààrọ̀ ipò. Orí ìmọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ètò tí ó ń dábàá ọ̀rọ̀ dúró lé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Damerau wò. Àwa tí a ń ka iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yorùbá mọ̀ pé oríṣi karùn-ún wà tí ó wọ́pọ̀ láàrin wa ju mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ: kí lẹ́tà pé, kí ipò wọn tọ́, ṣùgbọ́n kí àmì má sí lórí tàbí lábẹ́ wọn.

3. Àkọtọ́ tí a fẹ́ fi kọ́ ẹ̀rọ

Kí a tó ṣe ìwé orúkọ fún adènà, ó yẹ kí a mọ àwọn tí a pè. Èwo ni àkọtọ́ Yorùbá? Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Ọdún 1843 ni Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní ọdún 1875, àwọn ìjọ Ọlọ́run ṣe ìpàdé ní Èkó láti fi ìmọ̀ ṣọ̀kan lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí. Àkọtọ́ tí ó ti ibẹ̀ jáde ni a fi kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé tí àwọn òbí wa kà. Ní ọdún 1965 ni ìwé Ayọ̀ Bámgbóṣé lórí àkọtọ́ jáde ní Ìbàdàn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1966, a sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní ọdún 1974.

Nítorí ìtàn yìí, ọ̀rọ̀ kan náà lè ní aṣọ méjì. Nínú ìwé àtijọ́ a óò rí "aiye", "enia", "nwọn", "yio" àti "Oshogbo". Nínú ìwé òde òní a óò rí "ayé", "ènìyàn", "wọ́n", "yóò" àti "Òṣogbo". Bí a bá tún sọdá sí orílẹ̀-èdè Benin, a óò bá àwọn Yorùbá tí ìjọba wọn fi álífábẹ́ẹ̀tì mìíràn lélẹ̀ ní ọdún 1975. Níbẹ̀, "ɛ" dúró fún "ẹ" tiwa, "ɔ" dúró fún "ọ", a sì ń fi "sh" kọ ohun tí àwa ń fi "ṣ" kọ. Èdè kan náà ni. Ẹ̀rọ kò mọ èyí, àfi bí a bá sọ fún un.

Ẹni tí ó bá ní kí a kàn kó gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ti wà nínú ìwé pọ̀ fún ẹ̀rọ kò tíì ro ọ̀rọ̀ náà já. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, "enia" àti "ènìyàn" yóò jókòó pọ̀ nínú àkójọ kan náà, ọ̀rọ̀ tí a fi àmì sí àti èyí tí a kò fi àmì sí yóò jọ wọlé, adènà wa kò sì ní í dá ẹnikẹ́ni dúró mọ́. Àkójọ tí ó bá gba ohun gbogbo kò yàtọ̀ sí àìní àkójọ rárá.

4. Ọ̀rọ̀ kan, ìkọsílẹ̀ mẹ́rìndínlógún

Ìṣòro kejì kò hàn sí ojú. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà. Ètò nọ́ńbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní ọdún 1963, èyí tí a ń pè ní ASCII, kò ní ju àyè 128 lọ. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà àti àmì ìkọ̀wé ni ó wà nínú rẹ̀. Kò sí àyè fún "ẹ", "ọ" àti "ṣ". Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ Yorùbá ní láti lo ọgbọ́n orí tirẹ̀. Ní ọdún 1991 ni ètò Unicode bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, tí ó ń wá àyè fún lẹ́tà gbogbo èdè ayé. Lónìí, "ẹ", "ọ" àti "ṣ" ní nọ́ńbà tiwọn nínú rẹ̀, "á" àti "à" náà sì ní. Ṣùgbọ́n "ọ́" àti "ọ̀", "ẹ́" àti "ẹ̀" kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Nǹkan méjì tàbí mẹ́ta ni a ń tò pọ̀ láti rí wọn.

Ẹ jẹ́ kí a mú "ọ̀". A lè to "ọ" tí ó ti ní àmì ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí a wá fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ lé e. A lè mú "ò" tí ó ti ní àmì ohùn, kí a wá fi àmì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. A lè mú "o" lásán, kí a fi àmì sí abẹ́ rẹ̀ kí a tó fi ti òkè sí i; a sì lè fi ti òkè síwájú ti abẹ́. Ọ̀nà mẹ́rin nìyí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jọ ara wọn lójú. Bí a bá wá kọ "ọ̀rọ̀", tí "ọ̀" méjì wà nínú rẹ̀, ọ̀nà mẹ́rin ní ìgbà mẹ́rin jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, lẹ́tà mẹ́ta péré, ìkọsílẹ̀ 16 ni ó lè ní nínú ẹ̀rọ. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá wà nínú àkójọ wa, ẹ̀rọ lè fa ilà pupa sábẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yòókù, òǹkọ̀wé yóò sì máa wo ọ̀rọ̀ tí kò ní àbùkù, kò ní mọ ohun tí ó ṣe.

Àwọn tí ó ṣe Unicode mọ ìṣòro yìí, wọ́n sì pèsè ìlànà tí a fi ń sọ gbogbo ìkọsílẹ̀ wọ̀nyí di ọ̀kan. NFC ni wọ́n ń pe èyí tí ó wúlò fún wa jù. Bí a bá fi ìlànà yìí yọ́ ìwé kan, gbogbo "ọ̀" inú rẹ̀ yóò di oríṣi kan. Ṣùgbọ́n ìlànà náà ní ààlà. Àwọn òǹkọ̀wé kan fẹ́ràn kí àmì abẹ́ lẹ́tà jẹ́ ilà kékeré tí ó dúró ṣánṣán dípò àmì tó-tó. Lójú Yorùbá, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Lójú Unicode, àmì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, NFC kò sì ní í so wọ́n pọ̀. Àwa ni a ní láti yan ọ̀kan.

5. Àkọsílẹ̀ àṣẹ

Mo wá dé ibi iṣẹ́ gan-an. Àwọn oníkọ̀ǹpútà máa ń to àṣẹ mélòó kan sínú fáìlì kan, kí ẹ̀rọ lè máa mú wọn ṣe tẹ̀léra-tẹ̀léra láìjẹ́ pé ènìyàn tún ń tẹ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Script ni wọ́n ń pè é. Èmi yóò máa pè é ní àkọsílẹ̀ àṣẹ. Ètò ìkọ̀wé tí n ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni Vim. Bram Moolenaar, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tí ó kú ní ọdún 2023, ni ó ṣe é, ọdún 1991 ni ó sì kọ́kọ́ gbé e jáde. Ọ̀fẹ́ ni, ohun tí ó bẹ àwọn tí ń lò ó ni pé kí wọ́n fi owó ran àwọn ọmọdé lọ́wọ́ ní Uganda. Ẹ̀dà keje rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 2006, ni ó mú àyẹ̀wò àkọtọ́ wọ inú rẹ̀. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé ó gbà kí ẹnikẹ́ni fi àkójọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kọ́ ọ.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kíkó ọ̀rọ̀ jọ. A ó kó ìwé tí a ti yẹ̀ wò dáadáa, tí àmì ohùn rẹ̀ pé, sínú fáìlì kan. Àkọsílẹ̀ àṣẹ yóò fi ìlànà NFC yọ́ ọ. Yóò já a sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, yóò ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹyọ, yóò sì to èyí tí ó pọ̀ jù sí òkè. Ẹ rí i pé ohun tí Johnson ṣe ní 1975 náà nìyí. Ohun kan ni kí a ṣọ́ra fún: nígbà tí ẹ̀rọ bá ń já ọ̀rọ̀, kí a sọ fún un pé ara lẹ́tà ni àmì ohùn. Bí a kò bá sọ ọ́, yóò gé "ọ̀rọ̀" sí wẹ́wẹ́ níbi tí àmì bá wà, yóò sì kó ẹ̀rún ọ̀rọ̀ wá fún wa.

Iṣẹ́ kejì ni kíka àkójọ náà. Ẹ̀rọ kò ní ipa nínú èyí. Ènìyàn tí ó gbọ́ Yorùbá, tí ó sì mọ àkọtọ́, ni yóò ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí yóò gba èyí tí ó tọ́, tí yóò sì kọ èyí tí kò tọ́. Vim gbà wá láyè láti ṣe ju kí a gbà tàbí kí a kọ̀ lọ. Bí a bá fi ìlà dídagun àti àmì ìyanu sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ kan báyìí, "nwọn/!", ẹ̀rọ yóò mọ̀ pé àṣìṣe ni. Bí ó bá jẹ́ àmì ìbéèrè ni a fi sí i, "enia/?", ẹ̀rọ yóò kà á sí ọ̀rọ̀ tí kò wọ́pọ̀, àwọ̀ ọ̀tọ̀ ni yóò fi fa ilà sábẹ́ rẹ̀. Èyí wúlò púpọ̀ fún àwa onílítíréṣọ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣe àtúntẹ̀ ìwé tí a kọ ṣáájú ọdún 1974 lè fi gbogbo àkọtọ́ àtijọ́ sí abẹ́ àmì ìbéèrè. Ẹ̀rọ kò ní í pe àwọn baba wa ní aláìmọ̀ọ́kọ. Yóò kàn tọ́ka sí ibi tí àtijọ́ ti yàtọ̀ sí òde òní.

Iṣẹ́ kẹta ni kí a sọ àkójọ náà di ohun tí Vim lè lò, kí a sì ní kí ó máa lò ó. Bí a bá pe fáìlì àkójọ wa ní akojo.txt, tí a sì kọ "/encoding=utf-8" sí ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀, àṣẹ tí a ó pa nínú Vim ni:

:mkspell! ~/.vim/spell/yo akojo.txt

Àṣẹ yìí yóò ṣe fáìlì tuntun tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ yo.utf-8.spl. Lẹ́yìn èyí, a ó kọ ìlà kan sínú fáìlì tí Vim máa ń kà nígbà tí ó bá jí:

autocmd BufRead,BufNewFile *.yo.txt setlocal spell spelllang=yo

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, nígbàkígbà tí a bá ṣí ìwé tí orúkọ rẹ̀ parí sí ".yo.txt", kí ẹ̀rọ fi àkójọ Yorùbá yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó má fi ti Gẹ̀ẹ́sì yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ìgbà náà lọ, bí a bá tẹ "]s", yóò gbé wa lọ síbi ọ̀rọ̀ tí ó ń kọ ọ́ lóminú; bí a bá tẹ "z=", yóò dábàá ọ̀rọ̀ tí ó lè rọ́pò rẹ̀; bí ọ̀rọ̀ náà bá sì tọ́ ṣùgbọ́n tí kò sí nínú àkójọ, a ó tẹ "zg", ẹ̀rọ yóò gbà á wọlé. Bí a ṣe ń kọ̀wé ni àkójọ ń dàgbà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ jìnnà jù báyìí lè kọ ìlànà àfòmọ́. László Németh, ọmọ ilẹ̀ Hungary, ni ó ṣe ètò Hunspell nítorí èdè tirẹ̀ tí àfòmọ́ rẹ̀ pọ̀. Lónìí, LibreOffice àti Firefox ń lò ó fún ọ̀pọ̀ èdè ayé. A lè fi irú ìlànà bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ ní àpètúnpè ẹlẹ́bẹ tiwa. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "l" lè gba "lí" síwájú: "lọ" di "lílọ", "là" di "lílà". Èyí tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "gb" lè gba "gbí": "gbà" di "gbígbà". Ìlànà kan fún kọ́ńsónáǹtì kọ̀ọ̀kan ti tó; a kò ní láti kọ ọ̀rọ̀ orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìlànà mìíràn wà tí à ń pè ní MAP, tí a fi ń sọ fún ẹ̀rọ pé ọmọ ìyá kan náà ni "a", "á" àti "à", kí ó lè kọ́kọ́ ronú nípa àmì ohùn nígbà tí ó bá fẹ́ dábàá. Àṣìṣe oríṣi karùn-ún tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni èyí wà fún.

6. Ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe

Bí a bá ṣe gbogbo èyí tán, ṣé a ti bọ́? Rárá o. Ẹ gbọ́ gbólóhùn yìí: "Àdùkẹ́ ra ọkọ ní ọjà." Òǹkọ̀wé ní in lọ́kàn pé Àdùkẹ́ ra ọkọ́ tí yóò fi roko. Ẹ̀rọ kò ní í wí nǹkan kan, nítorí pé "ọkọ" wà nínú àkójọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí ó tọ́. Olè ti bá orúkọ tí a pè wọlé.

Gbogbo èdè ni ó ní irú ìṣòro yìí, ṣùgbọ́n tiwa gbòòrò. Nínú ọ̀rọ̀ orúkọ onísílébù méjì tí fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, ohùn òkè kì í sábà wà lórí sílébù àkọ́kọ́; ó ku ohùn méjì níbẹ̀ àti ohùn mẹ́ta lórí ìkejì, èyí tí ó fún wa ní ọ̀nà mẹ́fà. Ẹ wo bí èdè wa ti lò wọ́n tó: "igba" ni iye tí ó jẹ́ 200, "igbá" ni a fi ń bu omi, "igbà" ni a fi ń gun ọ̀pẹ, "ìgbà" ni àkókò. Ẹni tí ó bá bọ́ gbogbo àmì kúrò lára "oko", "òkò", "ọkọ", "ọkọ́", "ọkọ̀" àti "ọ̀kọ̀" yóò sọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà di ọ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn pé ọ̀rọ̀ tí àmì rẹ̀ pé nìkan ni kí a gbà sínú àkójọ. Bí a bá gba "oriki" wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ "oríkì" nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, a ti fi ọwọ́ ara wa lu àìfi-àmì-sí ní òǹtẹ̀. Ìgbà tí "oriki" bá ní ilà pupa lábẹ́ ni òǹkọ̀wé tó lè rántí.

Orúkọ ènìyàn yàtọ̀. Ẹni tí baba rẹ̀ ń kọ orúkọ ìdílé wọn ní "Shonibare" láti ìgbà àkọtọ́ àtijọ́ ni ó ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ kò ní ẹ̀tọ́ láti tún orúkọ ọlọ́rúkọ ṣe. Àkójọ ọ̀tọ̀ ni kí a ṣe fún orúkọ ènìyàn àti ti ìlú. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè. Bí òǹkọ̀wé kan bá fi èdè Èkìtì tàbí ti Ìjẹ̀bú sí ẹnu ẹ̀dá ìtàn rẹ̀, iṣẹ́ ọnà ni ó ń ṣe. Bí a bá fi àkójọ Yorùbá àjùmọ̀lò nìkan yẹ̀ ẹ́ wò, tí olóòtú sì tẹ̀ lé ilà pupa, ẹ̀dá ìtàn náà yóò pàdánù ìlú rẹ̀. Àkójọ ẹ̀ka-èdè yẹ kí ó wà lọ́tọ̀, kí òǹkọ̀wé lè pè é nígbà tí ó bá nílò rẹ̀.

7. Ta ni yóò ṣe àkójọ?

Àwọn kan lè wí pé ẹ jẹ́ kí a dúró de àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ó ń ṣe kọ̀ǹpútà. Ohun tí àwọn lè ṣe ni pé kí wọ́n kó Yorùbá tí ó wà káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì jọ, kí wọ́n sì fi ṣe àkójọ. Púpọ̀ nínú Yorùbá tí ó wà níbẹ̀ kò ní àmì. Bí a bá jókòó tẹtẹrẹ, àìbìkítà wa ni wọn yóò dì lẹ́rù padà wá fún wa, tí wọn yóò sì pè é ní àkọtọ́. A kò ní lè bá wọn wí, nítorí pé ohun tí a kọ ni wọ́n kó.

Ẹ rántí pé ọmọ Hungary ni ó ṣe ti Hungary. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ bíi tiwa yìí ní ohun tí ilé-iṣẹ́ kankan kò ní. A ní àwọn àpilẹ̀kọ akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ ti yẹ àkọtọ́ wọn wò láti ọdún dé ọdún. A ní ìwé atúmọ̀ èdè tí ó fi àmì ohùn hàn, bíi ti R. C. Abraham tí ó jáde ní ọdún 1958. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, a ní etí. Ohun tí mo dábàá ni pé kí a pín iṣẹ́ náà bí a ti ń pín ọ̀wẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá kọ àpilẹ̀kọ fi ọ̀rọ̀ tuntun tí ó bá pàdé ránṣẹ́ sí àkójọ kan tí ó jẹ́ ti gbogbo wa. Kí olùkọ́ méjì máa ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kí a tó gbà á wọlé. Níbi tí ẹnu wọn kò bá ti kò, kí a kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Kí àkójọ náà jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ilé-ẹ̀kọ́, fún akéwì, fún oníwèé-ìròyìn, àti fún àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, tí ó ń fẹ́ kọ lẹ́tà sí ìyá wọn ní Yorùbá.

8. Ìkádìí

Mo ti fi hàn pé ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe kò ju kí ó fi ọ̀rọ̀ wa wé àkójọ lọ. Mo ti fi hàn pé ìtàn àkọtọ́ wa àti ọ̀nà tí a fi ń to àmì sínú ẹ̀rọ ni ó mú kí àkójọ Yorùbá nílò ìfarabalẹ̀. Mo sì ti ṣàlàyé pé àṣẹ tí ó kó gbogbo rẹ̀ wọ Vim kò ju ìlà díẹ̀ lọ. Àwọn ìlà náà kọ́ ni iṣẹ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ènìyàn fi ń kọ wọ́n. Kíka ọ̀rọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí a fi etí gbọ́ ọ, kí a sì pinnu bí ó ṣe yẹ kí a kọ ọ́, ni iṣẹ́. Iṣẹ́ tí Crowther bẹ̀rẹ̀ ní 1843 nìyẹn, àwọn tí ó pàdé ní Èkó ní 1875 tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀, àwọn tí ó fọwọ́ sí àkọtọ́ 1974 sì gbé e dé ibi tí a bá a. Ẹ̀rọ kò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa. Ó kàn ń béèrè pé kí a tètè parí rẹ̀, kí òun lè mọ ohun tí òun yóò máa sọ fún àwọn ọmọ wa.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.